A gbọ́ orin, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹgbẹ́ eléré wa ní yunifásítì fẹ́ gbé eré olórin kan jáde nínú gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́, àwọn onílù àti onígìtá yóò sì wà lórí ìtàgé pẹ̀lú wa. Nígbà tí a ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ní orin náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn ò gbọ́ ohun tí àwọn akọrin ń wí. Máìkì mẹ́ta la gbé síwájú ìtàgé. Owó díẹ̀ ti wọlé fún wa báyìí: ṣé kí a fi háyà sípíkà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì háyà sípíkà. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. A gbé sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ wá, ariwo kún ilé, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́ sì tún dín sí ti ìṣáájú. Ohùn akọrin yín kò kéré. Ohun tó yí i ká ló pọ̀ jù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé etí. Fáwẹ́lì ló ń gbé ohùn rìn, òun ló lágbára. Kọ́ńsónáǹtì ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ lára èkejì, bẹ́ẹ̀ ìró rẹ̀ fúyẹ́, ó sì tín-ín-rín. Ibi tó ti ń dún náà ni símbálì (àwo irin tí onílù ń lù) àti gìtá ti ń dún. Bí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀, etí ò ní mọ "fẹ́" yàtọ̀ sí "ṣẹ́" mọ́: akọrin ń kọ ìfẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ ìṣẹ́. Ògiri tún wá dá kún un. Ògiri líle àti ilẹ̀ dídán máa ń ta ohùn padà, ìyókù sílébù tó ti kọjá á wá gun orí èyí tó ń bọ̀. Gbọ̀ngán tí ìró ń pẹ́ nínú rẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 2 dára fún ẹgbẹ́ akọrin tó ń fa orin; fún ọ̀rọ̀, nǹkan bí 1 là ń fẹ́. Sípíkà ńlá kò lè dín in kù, ńṣe ni yóò máa da ohùn púpọ̀ sí i lu ògiri. Etí òǹwòran náà ńkọ́? Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2022 ni pé níbi orin, ìwọ̀n ohùn kò gbọdọ̀ ju decibel 100 lọ (decibel ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó), bí a bá pín in dọ́gba lórí ìṣẹ́jú 15.

Orí ìtàgé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sún onílù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lù ú. Ẹ gbé sípíkà onígìtá kúrò nílẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ etí ẹni tó ni ín. Bó bá wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, yóò sì máa yí i sókè ṣáá. Kí ẹ tún bẹ ẹni tó ṣètò orin pé kí ohun èlò díẹ̀ dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, kí wọ́n wọlé padà tí gbólóhùn bá parí. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olórin àti eléré, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣiṣẹ́ jù, kò sì gba owó kankan.

Lẹ́yìn náà ló kan máìkì. Bí ọ̀nà láti ẹnu sí máìkì bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bí decibel 6 ló ń sọnù. Ẹni tó dúró ní mítà 2 sí máìkì iwájú ìtàgé ti pàdánù tó 18 ju ẹni tí máìkì wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí ẹnu rẹ̀ lọ, ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń wọ inú máìkì kan náà. Ẹ wá ṣí máìkì sókè kí ẹ lè rí ohùn rẹ̀ mú, ohùn sípíkà á padà wọ inú rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ibí ni kí owó yín lọ. Ẹ háyà máìkì kékeré aláìní-wáyà fún àwọn tó ń dá orin kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ibi tí irun iwájú orí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ àyà, nítorí bí orí bá ti yí, ohùn ti lọ nìyẹn. Bátìrì tuntun ní gbogbo alẹ́.

Ẹ má ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbàkígbà tí iye máìkì tó wà ní ṣíṣí bá di ìlọ́po méjì, decibel 3 ti dín nínú ibi tí ẹ lè gbé ohùn dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ẹni tó jókòó sídìí míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń darí ohùn gbogbo máìkì, gbọ́dọ̀ ní ìwé eré níwájú, kí ó ṣí máìkì kí ẹnu tó là, kí ó sì tì í tí ọ̀rọ̀ bá tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n mú ẹnìkan láàárín ara wọn tí yóò wà níbi ìdánrawò láti ọjọ́ kìn-ín-ní, dípò kí wọ́n háyà ọ̀gá kan tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ eré ni yóò kọ́kọ́ rí eré náà.

Bí owó bá ṣẹ́kù, sípíkà kékeré méjì láàárín gbọ̀ngán sàn ju ńlá kan níwájú. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àwọn kékeré yìí bá wà ní mítà 15 sí ti iwájú, ẹ fi nǹkan bí ìdá 44 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá dá ohùn wọn dúró kí ti iwájú lè bá a, kí ará ẹ̀yìn má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìdánrawò tó kẹ́yìn, ẹ pe ẹnìkan tí kò mọ eré náà rárá, ẹ fi í sórí ìjókòó tó kẹ́yìn pẹ̀lú bébà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin tó bá gbọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ lè ṣe é, nítorí ẹni tó ti mọ orin sórí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dún. Ibi tí bébà rẹ̀ bá ti ṣófo, ẹ kọ́kọ́ dín ìlù àti gìtá kù níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan máìkì.