Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa: kí la lè ṣe lẹ́yìn àdúrà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa ní Iléṣà. Láti ọdún tó kọjá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni mẹ́sàn-án nínú wa: tíṣà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kan sì wá láti báńkì. Pásítọ̀ ní ká máa kó wọn jọ fún àdúrà ní gbogbo Ọjọ́rú. Gbogbo wọn ló wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní báyìí, mẹ́ta ló kù. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Àdúrà kọ́ ló lé wọn, ojú ló ń tì wọ́n. Ẹni tó ń fi mọ́tò tirẹ̀ gbé àwọn àgbà wá sílé ìjọsìn lọ́dún tó kọjá ló wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Ọjọ́rú yẹn, tí àwọn akọrin tó ń kọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀ sì mọ̀ pé ìpàdé àwọn tí kò níṣẹ́ ló bá wá. Ẹ gbé ìpàdé náà lọ sí ọjọ́ tí kò sí èrò, kí ẹ sì fún un lórúkọ mìíràn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń gbani síṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe owó lohun tó wúlò jù tí ìjọ ní fún ẹni tó ń wáṣẹ́, èèyàn ni. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ nítòsí Boston bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. 56 nínú 100 ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí o gbọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ náà gbọ́. Màmá tó ń jókòó ní ìlà kẹta, tí ẹ kàn ń kí ara yín lọ́jọ́ Ìsinmi, ló mọ ẹni tí o ò mọ̀.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí o lè ṣe. Ọkùnrin kan dìde nínú ìjọ tiwa nígbà kan, ó ní, "Ẹ bá mi wáṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́." A ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo pè é jókòó, mo mú bírò, mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe gan-an níbi tó ti kúrò. Ó ní sítóò mínírà lòun ń tọ́jú. Ọdún mélòó? Mẹ́fà. Páálí mélòó ló sọ nù? Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹyọ kan, mo sì mọ ẹni tó gbé e." Ohun tí a kọ nìyẹn. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìjọ, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rántí rẹ̀. Ẹnì kan tí àna rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà pè é pé kó wá bá wọn ka ọjà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, mi ò ní kọ́ yín ní òṣómàáló, òwò aṣọ àwìn àwọn baba yín. Ìgbà wo ni òṣómàáló wọ ìlú onílùú tó ní "mò ń ta ohunkóhun"? Aṣọ ló ń tẹ́ sílẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá sì pé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Torí náà, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa pe ẹni tó ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: "Ẹ ní ẹ máa bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, ibo la bá a dé?"

Ní ti owó, ẹ má yá wọn. Ẹni tó jẹ ìjọ lówó kò ní padà wá jọ́sìn. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹ sì bá wọn san owó títẹ CV. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ wọ́n di agbálẹ̀ ilé Olúwa torí pé "ọwọ́ wọn dilẹ̀." Mo ti rí i, kò dáa rárá.

Ẹ bi ará báńkì yẹn nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí oṣù mẹ́rin ti kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, lè gbà tó 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àkáǹtì rẹ̀ ni yóò lọ bá. Kó mú lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró dání. Tíṣà yẹn náà, bí iléèwé rẹ̀ bá jẹ́ ti aládàáni, tó sì ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kó ní àkáǹtì bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà: ẹ má ka ìkéde iṣẹ́ látorí pẹpẹ láìwádìí. Iṣẹ́ tó bá ní kéèyàn sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó yunifọ́ọ̀mù kó tó bẹ̀rẹ̀, gbájú-ẹ̀ ni, ẹnu pásítọ̀ ló sì máa jẹ́ káwọn èèyàn gbà á gbọ́.

Àwọn mẹ́fà tí kò wá mọ́ ńkọ́? Ẹ lọ bá wọn nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, nírọ̀lẹ́. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má mú pásítọ̀ dání.