Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ọjọ́ Mélòó Ni Ilé Ìwòsàn Yín Lè Dá Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa múra sílẹ̀ de pàjáwìrì. Mo kà nípa ìjì Maria tó jà ní erékùṣù Dominica. Àwọn tó mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ lọ́dọọdún, kí ló dé tí ilé ìwòsàn wọn fi ń dẹnu kọlẹ̀? Kí la lè rí kọ́ níbẹ̀? (Nọ́ọ̀sì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Wọ́n mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wọn. Bí ọ́síjìn bá tán ní Òṣogbo lóru, mọ́tò lè gbéra lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kó sì padà kílẹ̀ tó mọ́. Dominica kò ní Ilé-Ifẹ̀. Òkun ló yí wọn ká, ilé ìwòsàn ńlá kan ṣoṣo ní Roseau, olú ìlú wọn, ni gbogbo ìlú gbójú lé. Maria dé lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, 2017, ó ṣí òrùlé, ó sì pa iná. Àwọn aládùúgbò tí ì bá sáré wá ńkọ́? Ìjì Irma ti kọlu Barbuda ní ọjọ́ 6 oṣù kan náà, ọgbẹ́ tiwọn ò tíì jinná.

Ẹ tún wo Tonga, orílẹ̀-èdè erékùṣù nínú òkun Pàsífíìkì. Òkè ayọnáyèéfín abẹ́ òkun bú gbàmù ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 2022. Wáyà abẹ́ òkun já, ìlú ò lè pe ẹnikẹ́ni. Eérú bo pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó di ọjọ́ 20 kí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Eérú yẹn náà ló dà sórí páànù tí wọ́n fi ń gbe omi òjò mu.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ yín má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: bí afárá bá gé, tí ẹnikẹ́ni ò lè wá, ọjọ́ mélòó la lè dá dúró? Ẹ fi ọjọ́ méje ṣe ìṣirò.

Ọ́síjìn ni kí ẹ mú ṣáájú. Sílíńdà ńlá tí wọ́n ń pè ní J gba lítà 6,800. Aláìsàn tó ń fa lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan yóò fà á tán láàárín wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 40. Wákàtí 168 ló wà nínú ọjọ́ méje, ìyẹn sílíńdà mẹ́jọ fún ẹnì kan péré. Ẹni tó bá ní mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ò ní pé kó tó tán. Ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ wúlò gan-an, àmọ́ bí iná bá lọ, òun náà dúró. Ẹ fi ṣéènì de àwọn sílíńdà mọ́ ògiri, kí omi má gbé wọn ṣubú.

Ní ti omi, aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń fẹ́ lítà 40 sí 60 lójúmọ́, ìbímọ kan ń fẹ́ 100. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá àti ìbímọ kan lójúmọ́, bí a bá fi 60 ṣírò rẹ̀, ó di lítà 4,900 fún ọjọ́ méje. Táǹkì 5,000 kò tó, torí a ò tíì ka àwọn tó ń gba ìtọ́jú lọ sílé, lítà 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Jẹnẹrétọ̀: bátìrì ló sábà máa ń dójú tini, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín pa iná NEPA, kí jẹnẹrétọ̀ gbé fíríìjì àti iná yàrá ìbímọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí wọ́n ń tan lásán láìgbé nǹkan kan kò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ wo ibi tí omi fàlà sí lára ògiri nígbà ìkún omi tó kọjá, kí pèpéle rẹ̀ ga ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ láì gba orí afárá. Èyí ò náni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun la máa ń gbàgbé jù.

ÌBÉÈRÈ: Iná lọ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Ṣé ká da gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà nínú fíríìjì nù? (Òṣìṣẹ́ ìlera, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù. Ní erékùṣù, àjẹsára tí wọ́n bá dànù kò ní ìrọ́pò títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ẹ má sì máa ṣí fíríìjì wò ó léraléra. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà. Lára ìgò, ẹ ó rí àmì róbótó tó ní igun mẹ́rin láàárín. Bí igun mẹ́rin náà bá ṣì mọ́lẹ̀ ju róbótó lọ, tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì kọjá, ó ṣeé lò. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín dúdú jù, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Àmọ́ ooru nìkan ni àmì yẹn ń sọ. Kò ní sọ fún yín pé àjẹsára ti dì, bẹ́ẹ̀ dídì ló ń ba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti hẹpatítísì B jẹ́. Ohun tó sábà ń fà á ni yìnyín inú ike tí wọ́n gbé tààrà láti fírísà sínú kúlà. Ẹ jẹ́ kó wà níta títí ẹ ó fi gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fura pé ó ti dì, ẹ mú ìgò kan tó jẹ́ irú kan náà, tí nọ́ńbà ìpèsè (batch) tó wà lára rẹ̀ sì bá ti àwọn yòókù mu, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi mọ́jú, kí ẹ wá jẹ́ kó yọ́. Ẹ gbọn òun àti èyí tí ẹ ń fura sí pọ̀, ẹ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú èyí tí ẹ fura sí bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò kíákíá bíi ti èyí tó dì, ẹ má gún un fún ọmọ kankan. Bó bá pẹ́ ju ti èyí tó dì lọ kó tó rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ lò ó.