"Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó": kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Kubwa l'Abùjá níbí ló bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ dáadáa. Ó ní láńlọ́ọ̀dù òun, Alájì kan ọmọ Ìlọrin, tí wọ́n bá ti fowó lé epo báyìí, á mirí, á ní "láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀." Ó ní apá àkọ́kọ́ yẹn dùn mọ́ òun débi pé tí òun bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya láàárọ̀, òun á kàn gbé orí ti wíńdò, òun á máa lálàá láìsùn pé ayé Abíọ́dún lòun wà. Ó wá ní ta ni Abíọ́dún, ta ni Aólẹ̀, ṣé òótọ́ ni wọ́n fi igbá wọn owó, kí ló sì ń jẹ́ àdìkálẹ̀?

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohùn ọ̀rọ̀ náà torí ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i. Igbá ni o, igbá tá a fi ń bu nǹkan, kì í ṣe igba tó jẹ́ 200, kì í sì í ṣe ìgbà. Wọn yẹn náà, wọ̀n ni, bí àwọn ìyá ọjà níbí ṣe ń fi mudu wọn gàrí.

Adùn ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gan-an, torí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà yẹn, kíkà ni wọ́n sì ń kà á. Wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan, okùn márùn-ún á di igba, igba mẹ́wàá á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù orí gidi. Ìyá àgbà mi fi owó ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, inú àwo kan ló wà lórí fíríìjì, alẹ́ ọjọ́ tó o béèrè yẹn mo dà á sórí ẹní, mo ń fi ìka fa márùn-ún márùn-ún sọ́tọ̀ bí màmá ṣe máa ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó pé ogójì, ọ̀kan yí sábẹ́ àga, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Wá wo ẹni tó fẹ́ ka ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Tí wọ́n bá wá ní igbá làwọn fi wọn owó, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó pọ̀ débi tẹ́nì kankan ò ráyè kíkà mọ́.

Aláàfin Ọ̀yọ́ Ilé ni Abíọ́dún. Níwọ̀n 1770 ló gorí oyè, ó wàjà ní 1789. Ọdún mélòó kan tó kọ́kọ́ lò, Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn ìjòyè, ló ni ìlú, Gáà tó ti rán Aláàfin bíi mélòó kan sọ́run, àràárọ̀ ni ọba ń lọ kí i nílé ẹ̀. 1774 ni Abíọ́dún tó rí i mú, ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́ pé bí o láyà kó o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kó o sòótọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìlú tó rójú tówó fi pọ̀.

Ibi tówó náà ti wá ló ń dùn mí. Owó ẹyọ ò hù l'Ọ́yọ̀ọ́, erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ òyìnbó ló ń gbé e wá sí etíkun wa, ohun tí wọ́n sì ń gbà pààrọ̀ ẹ̀ ni èèyàn. Láyé Abíọ́dún yìí gan-an, Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú lọ sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, wọ́n ń tà wọ́n níbẹ̀. Tó o bá wá ń lálàá ayé yẹn, o ò ní rí ara ẹ láàárín àwọn tí wọ́n so lókùn, ẹni tó di igbá mú lo máa rí. Gbogbo wa la máa ń lá a bẹ́ẹ̀, èmi náà.

Wo Aólẹ̀ tó jọba tẹ̀ lé e. Ohun tí àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀ ni pé kó tó jọba, ó ń ná ọjà Apòmù, ó sì mú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, ó tà á. Ọ̀rẹ́ ọmọ ọba o! Baálẹ̀ Apòmù ní kí wọ́n na Aólẹ̀, nígbà tí Aólẹ̀ dórí oyè ló wá ní kógun lọ ja Apòmù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú nìyẹn, títí àwọn ológun fi kẹ̀yìn sí i, tí wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Igbá náà kọ́ yẹn! Wọ́n ní ó ta ọfà sí apá mẹ́ta, ó ṣépè pé ibi tí ọfà òun lọ ni wọ́n máa kó wọn lẹ́rú lọ, ó wá gbé májèlé jẹ.

Dì tó wà nínú àdìkálẹ̀, òun la fi ń di ẹrù. Ẹrù tá a ti dì sílẹ̀ de eré ni. Afọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, ò sin Ọ̀yọ́ mọ́, ogun gba ibí gba ọ̀hún, ní 1821 wọ́n kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣogùn, Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ pé Aólẹ̀ nìkan ló bà á jẹ́. Ní 1783, tí Abíọ́dún ṣì wà lórí oyè, àwọn Ìbàrìbá ti ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Wọ́n ti ń di ẹrù nígbà tí wọ́n ṣì ń wọn owó, lójú tèmi ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi so apá méjèèjì pọ̀.

Alájì ò ṣì í lò o. Ẹni tí nǹkan le fún ló ń sọ ọ́, àtẹni tó fẹ́ bá olórí wí láìdárúkọ ẹ̀. Bàbá mi náà ní Abíọ́dún tiẹ̀, owó Udoji tí ìjọba fi kún owó oṣù nígbà yẹn ni, àríyá tí wọ́n fi í ṣe ní Kàdúná ò kúrò lẹ́nu ẹ̀ títí ó fi lọ.

Mi ò ní kó o má lálàá nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n tí Alájì bá tún bẹ̀rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, jẹ́ kó sọ ọ́ parí, kó o wá bi í pé ìlú wo làwọn bàbá ńlá ẹ̀ ti di ẹrù kí wọ́n tó wọ Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ibẹ̀ ló ní ìlú tí wọ́n ti sá wá, ó ṣì wà nínú oríkì wọn. Ní kó kì í fún ẹ, kó o gbà á sórí fóònù.