Ṣé òwe ọ̀bẹ àti èèkù bá ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wádìí ara rẹ̀ mu?

Ìbéèrè náà rèé: wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ẹ̀sùn náà. Ẹnìkan wá pa á lówe pé, "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀." Àwọn kan ní òwe náà kò bá ibẹ̀ mu, pé orí ìrànlọ́wọ́ la ti ń pa á.

Òótọ́ ni pé orí ìrànlọ́wọ́ la ti máa ń gbọ́ ọ jù: kò sẹ́ni tó lè dá gbogbo nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ó bá ibí yìí náà mu rẹ́gí. Òwe ọ̀hún kò sọ pé ọ̀bẹ kú o. Ó gbà pé ó mú. Ibi tí èèkù wà ni ojú ọ̀bẹ kò lè dé. Nítorí náà, ẹni tó pa á fún ọ̀gá kan kò tíì pè é lólè. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ mọ èyí, torí "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" ni wọ́n sábà máa ń fi fèsì.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Cottenham, olórí àwọn adájọ́ nígbà náà, dá iléeṣẹ́ Grand Junction Canal láre lórí ọ̀gbẹ́ni Dimes. Ẹ̀yìn náà ni àṣírí tú pé adájọ́ ní ìpín ìdókòwò nínú iléeṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́dún 1852, House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, fagi lé ìdájọ́ rẹ̀. Lord Campbell là á mọ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè rò pé ìpín yẹn yí Cottenham lọ́kàn dà. Síbẹ̀ wọ́n fagi lé e. Nígbà tí wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò fúnra wọn, iléeṣẹ́ yẹn náà ló tún jàre.

Kí ọ̀gá kàn dìde lórí àga kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n yọ Archibald Cox, ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ Watergate, ìyẹn bí wọ́n ṣe fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, tó kan Ààrẹ fúnra rẹ̀. Elliot Richardson, mínísítà ètò ìdájọ́, kọ̀, ó fipò sílẹ̀. Igbákejì rẹ̀ náà kọ̀. Ẹnì kẹta ló ṣe é. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọ̀gá ti yẹra, ẹ béèrè ẹni tó yan olùwádìí, ẹni tó lè lé e, àti ẹni tó máa kọ́kọ́ gba àbọ̀ ìwádìí. Bó bá jẹ́ ọ̀gá náà lẹ gbọ́ nínú ọ̀kan ṣoṣo, kò tíì yẹra.