Bootloader wo ni kí n mú, ìgbà wo ni kí n sì máa gbé ẹ̀yà tuntun jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tẹ̀lé ìwé Linux From Scratch (LFS), tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fọwọ́ ara ẹni kọ́ ètò Linux, dé òpin, ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí laptop mi. Ní báyìí mo fẹ́ gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan nínú wọn ti pẹ́ gan-an, àwọn kan kò tíì pẹ́. GRUB ni bootloader (ètò kékeré tó ń gbé kernel, ọkàn Linux, dìde nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ) tí ìwé náà lò, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ nípa systemd-boot, LILO àti Limine. Èwo ni kí n mú? Báwo ni mo sì ṣe lè ṣètò ìgbà tí màá máa gbé ẹ̀yà tuntun jáde, kí n má baà máa sáré tẹ̀lé gbogbo ohun tuntun?

Ìdáhùn: Àbúrò, o káre láé. Ẹni tó bá lè bá ìwé yẹn dópin, tó kọ́ glibc (library tí àwọn ètò yòókù gbára lé) àti GCC (compiler, tó ń sọ kóòdù di ètò) láti inú kóòdù wọn, kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ìbéèrè méjì lo bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Bí ohun tuntun tí o gbé sórí ẹ̀rọ bá kọ̀, báwo ni olùkọ́ tó wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn yóò ṣe padà sí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí ìwọ kò sí níbẹ̀? Bootloader ló máa fún un lọ́nà àtipadà. Bí o bá sì ṣe ṣètò ìgbà ni yóò sọ bóyá yóò máa nílò ọ̀nà náà lóòrèkóòrè.

Kọ́kọ́ mọ irú firmware (ètò inú ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tàn án) tí àwọn ẹ̀rọ náà ní, BIOS àtijọ́ tàbí UEFI tuntun. Fi fílàṣì Linux èyíkéyìí tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí o wò bóyá fódà /sys/firmware/efi wà níbẹ̀. Bó bá wà, UEFI ni ẹ̀rọ náà fi gbéra. Bí kò bá sí, BIOS ni, tàbí kí ẹnì kan ti yí UEFI rẹ̀ sí ipò àtijọ́ nínú setup. Nígbà tí o bá wà nínú setup yẹn, pa Secure Boot, torí kò sí kọ́kọ́rọ́ tí firmware mọ̀ tó fọwọ́ sí bootloader tí o kọ́ fúnra rẹ.

LILO kò yẹ ọ́. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ ti dúró láti ìparí ọdún 2015, kò sì mọ fáìlì kà. Ibi tí kernel wà lórí dísìkì ló ń kọ sílẹ̀, bí o bá pààrọ̀ kernel tí o gbàgbé láti pa àṣẹ lilo lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí kernel ti kúrò ni yóò lọ. Limine dára, ó ń gba BIOS àti UEFI, àwọn tó ń kọ kernel tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Linux ni tìrẹ, ìwé tí o tẹ̀lé kò sì dárúkọ rẹ̀. Bó bá dá wàhálà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn tí wàá rí bi kò ní pọ̀.

Ó wá ku GRUB àti systemd-boot. Gummiboot ni wọ́n ń pe systemd-boot tẹ́lẹ̀ kó tó wọ inú systemd ní 2015. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní: ó ń ka àwọn fáìlì kéékèèké tó wà ní loader/entries, ó ń tò wọ́n sójú ẹ̀rọ, ó sì ń gbé èyí tí o bá yàn dìde. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ UEFI nìkan ló mọ̀, àwọn ẹ̀rọ yín tó ti pẹ́ kò sì ní í gbà á. Ìdí kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi, iná ni. systemd-boot kò mọ ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) kà fúnra rẹ̀, nítorí náà kernel gbọ́dọ̀ wà lórí ìpín FAT tí firmware lè kà. FAT kò ní journal, àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìpín bọ́ sípò bí iná bá lọ lójijì. Bí wọ́n bá mú iná nígbà tí o ń da kernel tuntun sórí rẹ̀, ìpín náà lè bàjẹ́, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè bá a lọ. GRUB ní tirẹ̀ ń ka ext4. Ọjọ́ tí o bá ń fi GRUB sórí ẹ̀rọ nìkan lo máa fọwọ́ kan FAT; kernel yóò máa wà lórí ext4 tó ní journal. Níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, GRUB ni màá mú.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o gbà pín gbogbo dísìkì náà, yálà ẹ̀rọ náà jẹ́ BIOS tàbí UEFI. Lo GPT (ọ̀nà tuntun tí a ń gbà kọ bí dísìkì ṣe pín). Ìpín kìíní, 1 MiB, irú rẹ̀ ni BIOS boot, EF02 nínú gdisk, má ṣe fi filesystem kankan sí i. GRUB nílò rẹ̀ torí pé ẹ̀ka àkọ́kọ́ dísìkì kò ju báìtì 512 lọ, báìtì 446 péré ló sì wà fún kóòdù nínú rẹ̀. Inú ìpín yìí ni ìyókù GRUB máa wà lórí ẹ̀rọ BIOS. Ìpín kejì, FAT fún UEFI. Ìkẹta, /boot, ibi tí kernel máa wà. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ìpín méjì tó tóbi bákan náà fún root (ibi tí ètò náà fúnra rẹ̀ wà), kí ẹ̀yà tuntun máa wọ ọ̀kan nígbà tí ti àná bá ṣì wà nínú èkejì. Kọ́ GRUB lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún i386-pc, ọ̀kan fún x86_64-efi, kí o sì pa àṣẹ grub-install fún méjèèjì. Fún ti UEFI, fi --removable kún un. Ìyẹn ló máa gbé e sí EFI/BOOT/BOOTX64.EFI, ibi tí firmware máa ń wò bí kò bá ní orúkọ kankan nínú ìrántí rẹ̀, dísìkì tí o da kọ láti ara ẹ̀rọ kan yóò sì lè gbéra lára òmíràn.

Ṣọ́ra fún /boot. Láti e2fsprogs (àwọn irinṣẹ́ ext4) 1.47.0 ti ọdún 2023 ni mkfs.ext4 ti ń tan metadata_csum_seed fúnra rẹ̀, GRUB 2.06 kò sì mọ̀ ọ́n. "Unknown filesystem" ni yóò kọ síbẹ̀, ìwọ yóò sì rò pé dísìkì ti bàjẹ́. GRUB 2.12 ni kí o lò, kí o sì fi -O ^metadata_csum_seed ṣe /boot bákan náà.

Fọwọ́ ara rẹ kọ grub.cfg, fáìlì tó ń sọ ohun tí GRUB máa ṣe, kó kúrú:

set default=0
set timeout=8
search --set=root --label BOOT
menuentry "Tuntun 2025.08" {
  linux /vmlinuz-2025.08 root=PARTUUID=... ro
}
menuentry "Ti tele 2024.08" {
  linux /vmlinuz-2024.08 root=PARTUUID=... ro
}

Má ṣe fi àmì ohùn sí orúkọ tó máa hàn níbẹ̀. Àyàfi tí o bá gbé fọ́ńtì unicode wọlé fún GRUB, àmì ìbéèrè ni àwọn ọmọ yóò máa rí. PARTUUID ni mo kọ, kì í ṣe UUID, torí pé ètò rẹ kò ní initramfs (ètò kékeré tó máa ń bá kernel wá root): kernel lè fi PARTUUID wá root fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi UUID ti filesystem wá a. Dísìkì ẹ̀rọ kan lè jẹ́ sda, ti òmíràn nvme0n1, PARTUUID kò ní yí padà bí o bá fi dd da gbogbo dísìkì kọ. Bí o bá rí "unable to mount root fs on unknown-block(0,0)", kì í ṣe ẹ̀bi GRUB. GRUB ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó lè jẹ́ pé dírafà dísìkì lo kọ́ ní module tó wà lọ́tọ̀ dípò kí o kọ́ ọ mọ́ kernel. AHCI, NVMe àti ext4 gbọ́dọ̀ jẹ́ y, kì í ṣe m.

Bí ó bá jẹ́ pé "grub rescue>" ni ẹ̀rọ náà dúró sí, ls yóò fi àwọn ìpín hàn. Lẹ́yìn náà: set prefix=(hd0,gpt3)/grub, insmod normal, normal. Kọ ìlà mẹ́ta yìí sórí bébà, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá náà.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìgbà. Ìwé tí o tẹ̀lé ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà náà bá ti glibc mu, torí ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ, binutils (irinṣẹ́ tó ń bá GCC ṣiṣẹ́) sì ń bá a rìn tímọ́tímọ́. GCC ń mú ẹ̀yà ńlá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún. Kernel kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni tuntun ń dé. O ò lè sáré tẹ̀lé wọn, o ò sì nílò rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí o máa gbé ẹ̀yà jáde, nígbà ọlidé gígùn, nínú oṣù Kẹjọ. Orí ìwé ti oṣù Kẹta ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nígbà náà wọn yóò ti rí oṣù bíi márùn-ún tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni màá ní kí o yà kúrò nínú ìwé náà fún: kernel. Ẹ̀yà 12.3 ti oṣù Kẹta 2025 lo Linux 6.13, èyí tí wọn kì í tọ́jú pẹ́. 6.12 tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n yàn láti tọ́jú fún ọdún púpọ̀. Òun ni kí o fi rọ́pò rẹ̀, láti ibi tí o ti ń fi header kernel síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ní ìparí.

Láàárín ọdún, ohun tó bá jẹ mọ́ ààbò nìkan ni kí o fọwọ́ kàn: àtúnṣe kernel nínú 6.12 kan náà, OpenSSL, browser. Máa ka ojú ìwé ìkìlọ̀ ààbò tí àwọn LFS ń gbé jáde. Má ṣe pààrọ̀ glibc lórí ètò tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló gbára lé e, ìwé náà fúnra rẹ̀ sì sọ pé ó dára kí ènìyàn tún ètò náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Glibc tuntun, ìpín root kejì.

Kí o tó pín in fún gbogbo ẹ̀rọ, mú èyí tó dàgbà jù àti èyí tó kéré jù, kí o yọ wáyà iná wọn nígbà tí o ń da kernel tuntun sínú /boot, kí o wá wò bóyá "Ti tele" ṣì ń gbéra. Níbi tí UEFI bá wà, ka /sys/firmware/efi/fw_platform_size pẹ̀lú. Bí 32 bá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé processor rẹ̀ jẹ́ 64-bit, i386-efi ni GRUB tó nílò, BOOTIA32.EFI ni orúkọ fáìlì náà yóò sì jẹ́. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ní processor Intel Atom Bay Trail.