Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé yẹ̀

Ẹ ní àwọn bí ọgọ́ta ló wá sí ìpàdé àkọ́kọ́ tí ẹ pè fún àwọn tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ nígbà tó di ìkejì, ẹ̀yin mẹ́jọ péré lẹ jókòó. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ dá a dúró ná, kí ẹ fi wá onígbọ̀wọ́ tó lágbára. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe irú ìpàdé yìí n'Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́. Èsì mi ni pé kí ẹ má dá a dúró. Ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ọjọ́ tí ẹ dá, níbi tí ẹ ti ń ṣe é, ì báà ṣe àwọn mẹ́jọ yẹn nìkan ló máa yọjú.

Ọ̀pọ̀ nínú ọgọ́ta yẹn wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn kan tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ wá, àwọn kan gbọ́ pé ẹ máa pín tíṣẹ́ẹ̀tì. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ a kì í fi wọ́n ka ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́jọ tó padà wá nígbà tí kò sí ariwo mọ́, tí wọ́n fi owó ara wọn wọ ọ̀kadà, àwọn ni ẹgbẹ́ yín. Ohun tí àwa ń kà kì í ṣe iye ẹni tó wá, iye ẹni tó padà wá ni. A máa ń kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì fi wé ti oṣù tó kọjá. Ẹni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mejì tá ò wá rí i mọ́, ẹnìkan nínú wa á pè é, á sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé àwọn ò wá.

Ẹ wo ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ọ̀la lọjọ́ ọjà. Òjò ì báà rọ̀, aláta kan ṣoṣo ì báà jókòó ti igbá rẹ̀, ọjà ti ná nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ará oko fi lè ti oko rẹ̀ gbé ẹrù wá láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpàdé tó ń yẹ̀ lóṣù yìí nítorí olùsọ̀rọ̀ ń ṣàìsàn, tó tún yẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ nítorí owó gbọ̀ngàn kò pé, kò sẹ́ni tó máa ya Sátidé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un mọ́.

Ọ̀rọ̀ Sátidé fúnra rẹ̀ gba ìrònú nílẹ̀ wa. Ọjọ́ òde ni. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí kò ní wá bá yín kọ kóòdù lọ́sàn-án. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sì ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sábà máa ń fi ṣe ìmọ́tótó àyíká. Sátidé kejì oṣù làwa mú, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjìlá ààbọ̀. Ẹni tó ń lọ òde á ṣì bá òde, ẹni tó fẹ́ kí ìrun Àìlà á ráyè kí i, ìyá tó ń dúró de ọmọbìnrin rẹ̀ nílé kò sì ní máa wo ojú ọ̀run. Nígbà àwẹ̀ Ràmàdáánì, a ò ní gbé oúnjẹ kalẹ̀, àmọ́ ìpàdé kò ní yẹ̀. Ní December, tí òde pọ̀ jù, a máa ń dín in kù sí wákàtí kan, síbẹ̀ a ó ṣe é.

Iná àti dátà ló ń pa ìpàdé nílẹ̀ yìí ju àìsí olùsọ̀rọ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti múra jù. Ẹ má ṣe ètò tó jẹ́ pé bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ dúró nìyẹn. Láti alẹ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ti rán àwọn èèyàn létí pé kí wọ́n cháàjì láptọ́ọ̀pù wọn kó kún. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ tó ṣeé fi máàkà ṣàlàyé lára pátákó wá, kí ìyàtọ̀ má bàa sí bí pírójẹ́ktọ̀ bá kú. A ti ṣàlàyé recursion (kí apá kan nínú kóòdù máa pe ara rẹ̀) lára pátákó láìsí iná rí, àwọn tó wá sì jẹ́rìí pé ó yé àwọn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, torí olùsọ̀rọ̀ kò lè sáré. Jẹnẹrétọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà lítà, ó di bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpàdé tó gbára lé jẹnẹrétọ̀ nìkan rí ìyà nígbà yẹn, owó ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ sì lọ sókè bákan náà.

Dátà wá ńkọ́? Bí ọgbọ̀n èèyàn bá jókòó lé hotspot fóònù kan, tí gbogbo wọn fẹ́ gba Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agogo á lu méjìlá kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni ẹnìkan nínú wa ti máa ń gba ohun gbogbo sórí flash: installer Python (fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ), VS Code tí a ń kọ kóòdù sínú rẹ̀, ìwé àlàyé Python tó wà ní zip lójú òpó wọn, àti àwọn package (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí a fẹ́ lò. Bí Flask, package tí a fi ń kọ́ ojú òpó, ni, ẹ tẹ `pip download -d apo flask` síbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, á kó Flask àti gbogbo ohun tó gbára lé sínú fódà tó ń jẹ́ apo. Lọ́jọ́ ìpàdé, `pip install --no-index --find-links=apo flask` á mú un láti inú fódà yẹn láì fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì. Orí irú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ yín ń lò ni kí ẹ ti gbà á sílẹ̀ o, torí package míì yàtọ̀ lórí Windows àti Linux, ó sì tún yàtọ̀ láti ẹ̀dà Python kan sí òmíràn. Flash mẹ́rin tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ á ṣe ohun tí owó dátà ńlá kò lè ṣe.

Olùsọ̀rọ̀ kò ṣòro rí tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp pé “ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?” Kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ lọ bá ẹnìkan ní tààrà, ẹ sọ fún un pé, “Ìṣòro tó o yanjú lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.” Bí mẹ́ta bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sọ̀rọ̀, ó sàn ju ẹnìkan tó ti Èkó wá fi wákàtí kan gbáko sọ ohun tí ó pọ̀ jù fún etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ara wọn sí ẹni mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ẹni tó mọ̀ díẹ̀ wà pẹ̀lú wọn. Ọgbọ́n yìí, lọ́dọ̀ Django Girls la ti kọ́ ọ, ètò tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kóòdù, tí Ola Sitarska àti Ola Sendecka bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 2014. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ẹ̀kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn obìnrin pọ̀ láàárín yín, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí obìnrin wà lára àwọn tó ń ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá wọlé tó rí ọkùnrin nìkan látẹnu ọ̀nà títí dé iwájú, ó lè má padà wá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní ìṣẹ́jú tá a bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹni mẹ́ta mẹ́ta, Yorùbá la fi ń ṣàlàyé láàárín ara wa, bí kò bá sí ẹni tí kò gbọ́ ọ níbẹ̀. Ẹni tí kò lè na ọwọ́ béèrè ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì níwájú gbogbo èèyàn á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí loop yìí kò dúró?” (Loop ni apá kóòdù tó ń ṣe ohun kan léraléra.) Ìbéèrè yẹn gan-an ló torí ẹ̀ wá.

Ní ti owó, ó yé mi pé ọkàn yín wà lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á, kí ẹ dúpẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìpàdé yín jẹ́ èyí tó lè wáyé láìsí owó ẹnikẹ́ni: yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sátidé, omi inú ọ̀rá, máàkà. Python Software Foundation, àjọ tó ń bójú tó Python, tó wà láti 2001, ti fi owó ran irú ìpàdé wa lọ́wọ́ káàkiri ayé. Síbẹ̀ ní 2025, wọ́n ní láti dá owó ìrànwọ́ yẹn dúró fún ìgbà kan. Bákan náà ni Meetup, ojú òpó tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ṣètò ìpàdé wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2002: dọ́là ni ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ń san. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tí ọdún sì ń parí lọ, àwọn kan tì í pa. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ojú òpó bẹ́ẹ̀ nìkan ni orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ wà, ibo ló ti máa rí wọn? Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sínú fáìlì tiyín, pẹ̀lú àṣẹ oníkálukú. Ẹ yan akápò, kì í ṣe ẹni tó ń darí ìpàdé, kí ó máa kéde ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ owó omi lásán.

Ìlú yunifásítì ni tiyín, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní February 2022, tí kò parí àfi ní October, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń bá wa ṣèpàdé lọ sílé wọn. Àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní girama, ẹni tó ń tún fóònù ṣe tó sì ń kọ́ JavaScript, èdè kóòdù mìíràn, lálẹ́, àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ láti inú ilé, àwọn ló gbé ìpàdé ró. Ẹ wá irú wọn kàn ní Tákìé àti ní àyíká yín láti ìsinsìnyí.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló mọ ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn mú, tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì, tó sì jẹ́ alábòójútó WhatsApp. Àwọn tó mọ kóòdù dáadáa ló ń jápa jù, mo sì ti rí ẹgbẹ́ tó kú lọ́sẹ̀ tí olùdarí rẹ̀ wọ bàálù. Ẹni mẹ́ta ni kó mọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa gba ìdarí lọ́wọ́ ara wọn lóṣooṣù.

Ẹ kéde ọjọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lónìí, ẹ sì kéde ti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti mú Sátidé tí kò kọlu tiwa, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Àwa méjì máa wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn flash wa, a ò ní gba owó ọkọ̀.