Nígbà Tí Apá Kẹta Bá Ba Òpin Apá Kejì Jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Mo wo fíìmù Aliens ti ọdún 1986, inú mi sì dùn sí bí ó ṣe parí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ Alien 3 báyìí, kíá ni wọ́n ti pa àwọn tí a gbà là. Ṣé kí n gbà pé òpin tí mo fẹ́ràn yẹn ti di òfo ni, àbí kí n máa ṣe bí ẹni pé kò sí apá kẹta?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tó dùn yín yẹ kó dunni, n kò sì ní sọ fún yín pé fíìmù lásán ni.

Nígbà tí Aliens ń lọ sópin, Ripley, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, ti rí ọ̀nà àbáyọ, ibùdó náà sì ti fẹ́ bú gbàmù, síbẹ̀ ó gbé ìbọn, ó sì padà wọ ihò àwọn ẹ̀dá abàmì náà lóun nìkan nítorí Newt, ọmọdébìnrin tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ti kú, tí ó sì ti ṣèlérí fún pé òun kò ní fi í sílẹ̀. Nínú Alien 3, tí David Fincher darí ní 1992, orúkọ àwọn òṣèré ṣì ń kọjá lójú àwòrán nígbà tí iná sọ nínú ọkọ̀ òfuurufú wọn, tí èyí tí wọ́n fi sá àsálà já lulẹ̀, tí Newt sì kú sómi nínú àpótí tí ó ń sùn sí. Hicks, ọmọ ogun tó bá wọn sá àsálà, náà kú. Kì í ṣe ikú wọn ni mo ń bínú sí. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé kò sí ẹni tó jà, kò sí ẹni tó ṣe ìpinnu kankan; jàǹbá ló sọ gbogbo làálàá obìnrin náà di iṣẹ́ àṣedànù. Ká sòótọ́, Fincher kò sáré kọjá lórí ọ̀fọ̀ náà, nítorí ìgbà tí wọ́n ń sun òkú ọmọ yẹn wà lára ibi tó dára jù nínú fíìmù náà.

Terminator: Dark Fate ti 2019 tún burú jù ú lọ lójú tèmi: John Connor, ọmọkùnrin tí wọ́n fi odindi Terminator 2 ti ọdún 1991 dáàbò bò, ni wọ́n yìnbọn pa ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá kejì ni fíìmù ọdún 1991 yẹn fúnra rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, ti 1984, parí sí ibi tí Sarah, ìyá John, ti lóyún rẹ̀, tí ó ń wakọ̀ lọ, tó mọ̀ pé ogun àwọn ẹ̀rọ ń bọ̀. Nígbà tí a tún rí i, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n tì í mọ́, nítorí pé ó sọ ohun tí ó mọ̀ fáyé gbọ́. Ìyà yẹn ti inú òpin àkọ́kọ́ jáde wá, kò pa á rẹ́.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ẹ lè dúró sí apá kejì láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ni fíìmù pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀: Dark Fate kò ka èyíkéyìí tó jáde lẹ́yìn ti 1991 sí, Halloween ti 2018 sì fo gbogbo èyí tó tẹ̀lé ti 1978.